Garawa Òfìfo Lórí Òkè Făgăraș

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Visarion, ọkọ ọmọ mi, ti gbéra pé òun ń lọ tọrọ ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ ní òdìkejì òkè, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì yí ọkọ̀ padà lójú ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, àlùfáà ìjọ wa ló pàdé nítòsí Vidraru, níbi odi ńlá tí wọ́n fi sé odò. Ẹni tó bá pàdé àlùfáà láàárọ̀, ọjọ́ náà kò ní í dùn fún un, àfi bó bá tètè di bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mú. Àwọn baba wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ń gba orí wọ̀ ló wà lọ́rùn Visarion lọ́jọ́ náà, kò ní bọ́tìnì kan ṣoṣo. Ó fọwọ́ pa àyà títí bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ lẹ́wù, kò rí nǹkan kan dì mú, ló bá yí padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ehoro ló sáré kọjá lójú títì. Ehoro o. Ọkùnrin tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa bọ́ọ̀sì, ehoro lé e wálé.

Ilarie ni orúkọ ọmọ-ọmọ mi tí à ń wá ìyàwó fún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó ga, ó lágbára, igi tí ọkùnrin méjì ń gbé, òun nìkan a gbé e. Ṣùgbọ́n bí bàbá rẹ̀ bá ti wọlé, á dà bí àgùntàn tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ láti rẹ́ irun rẹ̀. Smaranda ni ọmọbìnrin tó fẹ́, ará Cârțișoara, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún. Ọmọ náà fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ ọmọ náà, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa ọmọkùnrin kì í dá tọrọ ìyàwó. Àgbà ló ń mú búrẹ́dì àti ọtí lọ, àgbà ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ a dúró lẹ́yìn, á máa wo bàtà ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ti ehoro yìí, Pantelimon, bàbá Smaranda, ránṣẹ́ sí wa. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti pa ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aládùúgbò òun ti bá òun jẹ ẹran tí kì í ṣe tiwọn. Ó ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, bí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá lu méjì ọ̀sán tí a kò tíì dé ẹnu ọ̀nà òun, kí a jókòó sílé wa títí ayé. Ọmọbìnrin òun kì í ṣe aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, tí èèyàn ń yọjú wò bóyá òjò máa rọ̀. Smaranda náà sọ fún Ilarie lórí fóònù pé òun á sunkún o, ṣùgbọ́n òun kò ní í tàpá sí ọ̀rọ̀ bàbá òun. Ilarie kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Èmi jẹun. Mo sọ fún un pé ẹni tó ń bá bàbá rẹ̀ rìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ jẹun dáadáa, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò dé.

Ọjọ́ Àìkú pé. Èèyàn márùn-ún la wà nínú ọkọ̀. Visarion ń wakọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Eufrosina, jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ó ní bí òun bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, èébì máa ń gbé òun. Èmi, Chiva ọmọ mi, àti Ilarie wà lẹ́yìn. Búrẹ́dì ńlá tí wọ́n hun bí irun orí wà lórí itan mi, ìgò țuică, ọtí líle ilé wa, wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Visarion kò wọ ẹ̀wù tí wọ́n ń gba orí wọ̀ mọ́. Ó wọ kóòtù tí bọ́tìnì rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọlọ́jà tó ń ṣọ́ ẹyin.

Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń wakọ̀. Tó bá dé kọ́nà, ó dúró pátápátá. Ó fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ya àmì àgbélébùú lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn ni pé ọwọ́ kan péré ló kù lórí sìtíárìn. Lẹ́yìn náà ó ju jíà, ó sì rìn dé kọ́nà tó tẹ̀ lé e, tí kò ju ibi tí èèyàn lè ju òkúta dé lọ. Ọ̀nà yìí sì rèé, kọ́nà ló pọ̀ níbẹ̀ ju ilẹ̀ títẹ́jú lọ. Àwọn ọmọ ológun ló fi ẹ̀mí wọn la á nígbà tí mo ṣì jẹ́ omidan tó ń fún wàrà àgùntàn lókè lọ́hùn-ún. Mo rí wọn. Ojú wọn funfun fún eruku òkúta, wọ́n á wá tọrọ wàrà mu. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wọn nígbà náà pé torí kí Visarion lè máa fun fèrè ni, wọn ì bá ju dígà sílẹ̀ kí wọ́n gba ilé ìyá wọn lọ.

Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kún ojú ọ̀nà. Béárì jókòó sẹ́bàá títì bí alágbe ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn tó kàwé sì ń na bisikí sí i láti ojú fèrèsé, wọ́n ń ya fọ́tò eyín rẹ̀. Àwọn alálùpùpù ń kọjá wa bí ọta. Obìnrin orí ewú kan kọjá wa lórí kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wà á gun òkè, ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Visarion ní bíréèkì ọkọ̀ àwọn wọ̀nyí kò dára ni wọ́n ṣe ń sáré.

Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Kí ni kò ní í gbóná? Bí èmi náà bá ń dúró tí mò ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo kọ́nà, ara mi á hó. A dúró lẹ́ẹ̀kínní kó lè tutù, a tún dúró lẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ ń lọ. Níkẹyìn Visarion ní bí òun bá tan ẹ̀rọ tó ń mú inú ọkọ̀ gbóná, yóò fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Òótọ́ ni, gbogbo awakọ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo awakọ̀ ló tún mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ṣí fèrèsé. Ibẹ̀ ni Eufrosina ti gbé ọwọ́ lé gíláàsì bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ olè. Ó ní atẹ́gùn tó bá gba fèrèsé kan wọlé tó sì gba òmíràn jáde, ẹnu ẹni tó bá fẹ́ lù, á lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni. Ó ní obìnrin kan wà ní Curtea de Argeș tí ẹnu rẹ̀ lọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Mo ní bóyá òfófó ló lọ́ ọ. Ó wé ìborí mọ́ etí.

Báyìí ni a ṣe wà nínú oṣù kẹjọ, fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní títì, ooru ń fẹ́ sí wa lẹ́sẹ̀. Bọ́tà inú búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sí mi láṣọ. Kí ni kí n ṣe? Mo kọrin.

Ẹyin ń sè nínú omi,
Ọ̀dùnkún ń sè nínú eérú,
Àwa ń sè nínú ọkọ̀ Visarion,
Ta ni yóò bu iyọ̀ sí wa?

Ilarie rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Eufrosina ní lórí irú ọ̀nà yìí, àdúrà ló yẹ arúgbó, kì í ṣe orin. Visarion ní kí n dákẹ́, òun ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Mo ní ẹ́ńjìnnì náà ń kọrin, ohùn rẹ̀ ni kò ṣe déédéé. Chiva kì í sọ̀rọ̀. Ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn orí ọkọ rẹ̀, ó tún ń wo aago.

A dé ibi tí igi ti tán, tó kù kìkì koríko àti òkúta, ibi tí yìnyín máa ń fara pamọ́ sí nínú kòtò títí dé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ihò tó gba inú òkè kọjá sí òdìkejì ti wà níwájú, mò ń rí ẹnu rẹ̀. Aago méjìlá ti kọjá dáadáa. Láti ibẹ̀ dé Cârțișoara, wákàtí kan ni fún èèyàn gidi. Mo ti ń sọ nínú mi pé Ọlọ́run tóbi, ni obìnrin kan tó ń ta wàràkàṣì lẹ́bàá ọ̀nà bá gbé garawa, ó sì gba iwájú ọkọ̀ wa sọdá lọ síbi ìsun omi.

Garawa náà ṣófo.

Visarion tẹ bíréèkì débi pé imú mi wọ inú búrẹ́dì.

Ẹ má ṣe rò pé mo ń fi ohun tí wọ́n bí wa sínú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ẹni tó gbé garawa kíkún bá pàdé rẹ, ọ̀nà rẹ á kún. Bó bá ṣófo, ìrìn rẹ á ṣófo. Èmi náà mọ̀ ọ́n, ìyá mi náà mọ̀ ọ́n, bí mo bá sì rí garawa òfìfo, mo máa ń tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń bá tèmi lọ. Tutọ́, kí o sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí èèyàn padà lọ sùn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni Ilarie wí. "Aago kan ti fẹ́ lù."

"Ṣé o rí garawa yẹn?"

"Mo rí i, sà."

"Ṣé omi wà nínú rẹ̀?"

"Kò sí. Ó ń lọ pọn ọ́n ni, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ ní ibi tó ń lọ."

Mo ní, "Visarion, ta lo rí rí tó gbé garawa kíkún lọ síbi ìsun?"

Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin ò wakọ̀ rí."

Ọkọ̀ ti tò sẹ́yìn wa, wọ́n ń fun fèrè ní oríṣiríṣi èdè. Obìnrin oníwàràkàṣì náà rò pé a fẹ́ rajà, ó wá sí fèrèsé. Visarion ṣí gíláàsì níwọ̀nba ìka kan, ó sọ fún un pé ó ti ba ìrìn-àjò òun jẹ́, pé kí ló ń gbé òfìfo rìn lójú àwọn tó ń lọ tọrọ ìyàwó sí. Obìnrin náà wò ó, ó wo bọ́tìnì rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ìgbà kẹjọ rèé tí mo gba ibí kọjá láti àárọ̀. Bí gbogbo ẹni tó rí mi bá ń yí padà, koríko ìbá ti hù lójú títì yìí."

Mo fẹ́ràn obìnrin náà gan-an. Visarion ti gíláàsì. Ó ní òun máa yí ọkọ̀ padà, òun á pe Pantelimon lórí fóònù, òun á ṣàlàyé fún un bí ọkùnrin sí ọkùnrin. Ilarie gbé orí lé eékún. Ọmọ náà kò sunkún, ìbá sàn kó sunkún. Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n gbé òkúta lé láyà, mo sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ yìí bá fi lè yí padà, ọmọ yìí kò ní í béèrè nǹkan kan mọ́ láyé rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Yóò di ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ títí tí yóò fi kú.

Títì náà kò gbòòrò, ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ àpáta, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ọ̀gbun kí-a-má-wò-ó. Visarion sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wọn ìbú ọ̀nà, bóyá ọkọ̀ lè yí. Ó ń fi bàtà wọn ọ́n, gìgísẹ̀ sí ọmọ-ìka, gìgísẹ̀ sí ọmọ-ìka. Eufrosina so ìborí le, ó sọ̀ tẹ̀ lé e láti bá a kà á, nítorí ó ní nígbà tí inú bá ń bí àbúrò òun, ó máa ń fo nọ́ńbà. Ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Chiva wo aago lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní, "Màmá, ẹ di ìgò yẹn mú dáadáa."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bọ́ sílẹ̀, ó wọ iwájú, ó jókòó síbi sìtíárìn. Ó fa àga náà súnmọ́ iwájú, ó tún díńgí ẹ̀yìn ṣe, kò kánjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé Chiva ní ìwé ìwakọ̀. Orí tírákítọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, ó sì gba ìwé náà lọ́mọ ọdún méjìlélógún, kí ó tó fẹ́ ọkùnrin yìí. Visarion ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó, ó tì í mọ́ inú àpótí onígíláàsì pẹ̀lú àwọn ife tí a kì í lò, ó ní kí ó má baà sọnù. Ilarie ké sí ìyá rẹ̀ pé ìwé náà wà nílé. Chiva ní òun mọ̀. Béárì ló wà lórí òkè yìí, béárì kì í béèrè ìwé.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù rèé. Nígbà tí Visarion rí ọkọ̀ tó ń mira, ó rò pé ìyàwó òun fẹ́ bá òun yí i padà ni. Ó dúró láàárín títì, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí rẹ̀. "Wá, wá, wá," ó ń wí, "díẹ̀ sí i, yí i sọ́tùn-ún, wá." Chiva wá. Ó wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá jẹ́jẹ́, ó sì ń lọ. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń pe atẹ́gùn. Àwọn ọkọ̀ tó kù tẹ̀ lé wa, àwọn kan ń juwọ́ sí i pé ó ṣeun tó bá wọn tú ọ̀nà.

A wọ inú ihò òkè. Ó ṣókùnkùn, ó tutù, omi ń kán láti òkè rẹ̀. Chiva ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọlọ́run mi, atẹ́gùn náà dùn lẹ́nu bí omi ìsun. Mo kọrin, ihò náà gbè é:

Ẹ kí mi, òkè, ẹ kí mi,
Ọmọ mi ló ń wà mí lọ,
Ẹni tó dúró, ẹ bá mi kí i,
Ẹ ní a ti lọ, a ti lọ.

"A ti lọ, a ti lọ," ni òkúta ń wí tẹ̀ lé mi, bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó mutí díẹ̀.

Ní òdìkejì, Ilarie bi ìyá rẹ̀ pé Bàbá ńkọ́. Chiva ní bàbá rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ tó le, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wàràkàṣì wà níwájú wọn, kò ní í kú. Lẹ́yìn náà kò tún sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń wakọ̀. Ó ń fi jíà di ọkọ̀ mú nínú ìdàgẹ̀rẹ̀, kò fi bíréèkì sè wá. Kọ́nà dé, ó wọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń fa okùn gba ojú abẹ́rẹ́. Ojú tó wà nínú díńgí yẹn, mi ò rí i mọ́ láti ìgbà tó ti wà ní omidan.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ la dé ẹnu ọ̀nà Pantelimon. Ọkùnrin náà dúró síbẹ̀, ó gbọn-in bí òpó, ó ń wo ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kí wa. Ó wo inú ọkọ̀. Ó béèrè pé bàbá ọkọ dà. Nítorí bàbá ló ń tọrọ, bí bàbá bá sì wà láyé tí kò wá, àfojúdi ni fún onílé. Gbogbo ìgboyà Chiva ti tán sórí òkè. Ilarie ń wo bàtà ara rẹ̀.

Èmi ni mo bọ́ síwájú pẹ̀lú búrẹ́dì tí bọ́tà ti yọ́ nínú rẹ̀. Mo ti gbọ́ bí wọ́n ti ń tọrọ ìyàwó láti kékeré mi, ẹnu ọkùnrin ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n orin kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Mo gbé e sókè:

Onílé, ẹ kú ilé o. Ọdẹ ni wá, a ti òdìkejì òkè wá.
Ipasẹ̀ àgbọ̀nrín kan là ń tọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré, ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́.
Ó wọ ẹnu ọ̀nà yín, a ò rí i kó jáde.
Olórí ọdẹ wa wà lórí òkè, ó ń fi bàtà wọn òkúta;
Àwa tí a kò mọ òkúta wọ̀n, la dé.
Ẹ yẹ abẹ́ àga wò fún wa, ẹ yẹ ẹ̀yìn ààrò wò.

Ètè Pantelimon gbọ̀n. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́. Ó ní kí n sọ òótọ́ fún òun, mo sọ ọ́, garawa àti gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí sí Chiva.

"Ìyá Ilarie, ẹ fi ọkọ yín sílẹ̀ lójú títì. Ṣé ilé tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí n fọmọ mi sí?"

Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti lè bàjẹ́. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n Ilarie gbé ojú sókè. Ohun tí ọmọkùnrin kì í ṣe lọ́dọ̀ wa ló ṣe. Ó sọ̀rọ̀.

"Ẹ máa bínú sí èmi, sà, kì í ṣe ìyá mi," ó ní. "Èmi ló yẹ kí n wa ọkọ̀ yẹn kọjá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ní í jẹ́ kí Smaranda dúró dè mí mọ́."

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná dún. Smaranda jáde, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, kò wo bàbá rẹ̀, ó wá tààrà gba búrẹ́dì lọ́wọ́ mi. Bí ọmọbìnrin bá sì ti gba búrẹ́dì, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Pantelimon wò ó, ó wo Ilarie, ó ní kí a wọlé kí ọbẹ̀ tó tutù. A ti mu ife kìíní tán kí aago tó lu méjì.

Visarion dé ní aago márùn-ún, àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ará Poland kan ló gbé e, òun àti Eufrosina, láàárín àgọ́ kíká àti bàtà ìgun-òkè. Ó gbá èjìká Pantelimon, ó jókòó sí ipò olórí nídìí tábìlì, ó sọ fún gbogbo ilé pé òun ló rán wa ṣíwájú, pé olórí ilé tó gbọ́n kì í jẹ́ kí wọ́n dúró de òun. Kò sẹ́ni tó sọ pé irọ́ ni. Pantelimon bu ọtí fún un, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Visarion jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ju gbogbo wa lọ.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, a fẹ́ padà. Visarion di bọ́tìnì kóòtù rẹ̀, ó lọ síbi ilẹ̀kùn awakọ̀. Chiva ti jókòó síbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wò bóyá òjò máa rọ̀, ó wá rìn yí ọkọ̀ po, ó wọ apá kejì. Eufrosina wá sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi, èébì kò sì gbé e rárá. Ní gbogbo kọ́nà tí a dé, ẹsẹ̀ ọ̀tún Visarion ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ gidigidi, níbi tí bíréèkì kò sí.